Ọkọ Nílé Bàbá, Ìyàwó Nílé Ọkọ: Bí Àwùjọ Yorùbá Ṣe Ń Kọ́ni ní Ipò Ọkùnrin àti Obìnrin

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Òwe yìí lè mú ènìyàn rò pé bí ọmọ bá ti bàlágà, ìkọ́ni láwùjọ ti parí. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ títí di ọjọ́ ogbó ni àwùjọ ń kọ́ ènìyàn ní ẹni tí ó jẹ́, àti pé ìkọ́ni náà kì í rí bákan náà fún ọkùnrin àti obìnrin.

Nínú ìwé rẹ̀, The Invention of Women (1997), Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí jiyàn pé ipò àgbà ni a fi ṣètò àwùjọ Yorùbá kí àwọn amúnisìn tó dé, pé jíjẹ́ akọ tàbí abo kọ́ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Èdè jẹ́rìí sí i: arọ́pò-orúkọ "ó" kò ya akọ sọ́tọ̀ sí abo, "ọmọ", "ẹ̀gbọ́n" àti "àbúrò" pẹ̀lú kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí gírámà ti dákẹ́, oríkì a máa sọ̀rọ̀.

Orúkọ àti oríkì

Samuel Johnson (1921) kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjọ́ kẹsàn-án ni a ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ keje ni ti ọmọbìnrin, ọjọ́ kẹjọ sì ni ti ìbejì. Lónìí, ọjọ́ kẹjọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò fún gbogbo ọmọ. Ìyàtọ̀ inú oríkì kò tíì parẹ́ ní tirẹ̀. Nínú Àjàní, Àjàmú àti Àjàgbé, ìjà ni a ń gbọ́. Nínú Àbẹ̀kẹ́, Àṣàkẹ́ àti Àmọ̀kẹ́, ìkẹ́ ni. Ọmọ tí kò tíì lè jókòó ti ń gbọ́ pé jíjà ni a jà kí a tó ní òun, tàbí pé kíkẹ́ ni a fẹ́ kẹ́ òun.

Ilé ọkọ

Ìgbéyàwó ni ìkọ́ni ńlá mìíràn. Gbogbo ọmọ tí ìyàwó bá nílé ni ọkọ rẹ̀, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, nítorí pé ọjọ́ tí ó wọlé ni a fi ń ka ipò rẹ̀ níbẹ̀. Kò gbọdọ̀ pè wọ́n lórúkọ. Orúkọ àpọ́nlé bí i Ìbàdíàrán tàbí Adúmáadán ni ó ń fún wọn. Bí obìnrin yìí kan náà bá padà sí agbo ilé bàbá rẹ̀, òun náà di ọkọ fún àwọn ìyàwó ibẹ̀, wọn a sì máa kúnlẹ̀ kí i.

Èyí gbe Oyěwùmí lẹ́sẹ̀. Síbẹ̀, Bibi Bakare-Yusuf (2003) tako o pé ipò àgbà kì í dá ṣiṣẹ́ láìsí àwọn agbára mìíràn. Àpẹẹrẹ wa fi èyí hàn. Ọkùnrin kì í fi ilé tí a bí i sí sílẹ̀ nítorí ìgbéyàwó, nítorí náà ipò rẹ̀ kì í padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Òfin tí ó dà bí ẹni pé kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo, obìnrin nìkan ni ó ń sọ di ọmọdé lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́ ogbó

Ọdún ń gorí ọdún, ìyàwó di ìyá ọmọ, ó di ìyálé, ó di ìyakọ. Ẹni tí a kọ́ wá di olùkọ́: òun ni ó ń tọ́ ìyàwó tuntun sọ́nà nípa bí a ṣe ń kí ará ilé. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò kò tán lórí rẹ̀, nítorí àwọn àgbà a máa sọ pé ọmọ tó dára ti bàbá ni, èyí tí kò dára ti ìyá rẹ̀ ni.

Ìgúnlẹ̀

Lónìí, ọ̀pọ̀ tọkọtaya ń gbé nínú ilé àyágbé, ọ̀nà jìn sí agbo ilé méjèèjì. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, "ọkọ" ti di orúkọ ọkùnrin kan ṣoṣo. Obìnrin ṣì jẹ́ ìyàwó lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ibi tí òun náà ti ń jẹ́ ọkọ ti di ibi àbẹ̀wò ọdún. Bí olùwádìí bá ń sọ pé àṣà wa fún obìnrin ní ipò, ó yẹ kí ó béèrè èwo nínú ipò méjèèjì ni ọmọbìnrin òde òní ṣì ń rí kọ́.