Ṣé o mọ̀? Ilé àtijọ́ ń bẹ lábẹ́ sìmẹ́ǹtì

Bí o bá ń gba àdúgbò àtijọ́ kọjá ní Igbó-Ọrà, Èrúwà tàbí ìlú Ìbàràpá mìíràn, wo ibi tí sìmẹ́ǹtì ti ṣí lára ògiri. Wàá rí ìlà tó lọ gbọọrọ láti igun dé igun. Àwọn bàbá wa kì í mọ ògiri amọ̀ tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: wọ́n á fi ẹsẹ̀ po amọ̀, wọ́n á mọ ìpele kan yíká ilé, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Sìmẹ́ǹtì jẹ́ aṣọ tí wọ́n dà bò ó nígbà tí owó dé. Koríko bẹẹrẹ ló sì wà lórí ilé kí páànù tó dé.

Nínú agbo ilé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló yí àgbàlá ká. Òjò orí òrùlé á ṣàn síbẹ̀, wọ́n á sì fi ìkòkò gbè é.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ńkọ́? Èyí tí a mọ̀ sí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ni ti àwọn míṣọ́nnárì ní Àgbádárìgì, tó parí ní 1845. Ọnà òdòdó àti fèrèsé olórí roboto ara pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ilẹ̀ Yorùbá, lọ́dọ̀ àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà sí Èkó ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá. João Baptista da Costa, ọ̀gá bíríkìlà láàárín wọn, wà lára àwọn tó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894.

Gbójú sókè kí o tó kọjá: àwọn kan kọ ọdún tí wọ́n kọ́lé sí iwájú rẹ̀. Bí ọ̀dà bá ti bò ó, bi ìyá àgbà inú ilé.