Ṣé O Mọ̀ Pé Eruku Sìmẹ́ǹtì Ṣeé Mú?

Ṣé o mọ̀ pé abẹ́ òkun ni òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ti wá? Ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, omi ló bo gbogbo agbègbè yẹn. Ìkarahun àwọn ẹ̀dá inú omi ń rọ̀ sílẹ̀, wọ́n ń gun orí ara wọn, títí wọ́n fi di òkúta ẹfun. Láti 1960 ni ilé-iṣẹ́ ti ń lọ̀ ọ́ níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé bí wọ́n bá sun 1,000 kílò òkúta ẹfun tó mọ́ gaara, 440 kílò ni yóò bá afẹ́fẹ́ lọ? Kábọ́nù dayọ́ksáìdì tó ti so mọ́ òkúta láti ìgbà òkun yẹn ni iná ń lé jáde. Nínú gbogbo irú gáàsì yìí tó ń ti ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì jáde, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ló jẹ́ ti òkúta fúnra rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń dá níná ló ni ìyókù. Ní Ewékorò, wọ́n ń fi èèpo èkùrọ́ kún ohun ìdáná. Ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò kan èyí tó wà nínú òkúta.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn olóko ọsàn wà lára àwọn tó fi dandan mú ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì láti wá nǹkan ṣe sí eruku? Lẹ́bàá ìlú Riverside ní Kalifọ́níà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, eruku ń bà lé ọsàn wọn. Bí ìrì bá sẹ̀ sórí eruku sìmẹ́ǹtì tó wà lára ewé, ṣe ló ń gan, ewé kò sì ní rí oòrùn gbà bó ṣe yẹ. Ọ̀rọ̀ dé kóòtù. Frederick Cottrell, ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́mísírì ní Yunifásítì Kalifọ́níà, ti gba ìwé ẹ̀tọ́ ní 1908 fún ẹ̀rọ kan tó ń mú eruku inú èéfín. Iná mànàmáná tó lágbára gan-an ló ń gba inú wáyà tó wà lójú ọ̀nà èéfín. Eruku tó bá ń kọjá á gba iná sára, á lọ lẹ̀ mọ́ irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n á wá gbo irin náà jìgìjìgì, eruku á já bọ́ sísàlẹ̀. Ní nǹkan bí 1912, ẹ̀rọ yìí ti ń ṣiṣẹ́ ní Riverside.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló wú mi lórí jù. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní dí ọ̀nà pọ́táàṣì tó ń wá láti Jámánì, wọ́n rí i pé pọ́táàṣì wà nínú eruku tí wọ́n ń kó, wọ́n sì ń tà á gẹ́gẹ́ bí ajílẹ̀. Eruku tó ń ba oko jẹ́ tẹ́lẹ̀ ló wá ń bọ́ oko. Cottrell kò kó owó ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ sápò. Ó dá Research Corporation sílẹ̀ ní 1912, kí owó náà lè máa ran ìwádìí lọ́wọ́. Robert Goddard, ẹni tó ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì, rí ìrànwọ́ gbà níbẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì pé kò sí bí eruku kò ṣe ní bo àwọn, mi ò gbà. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń mú un. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń lo àpò gígùn tí ń sẹ́ èéfín báyìí. Bí àpò bá ya tí wọn kò pààrọ̀ rẹ̀, eruku á tún jáde. Ẹ̀rọ oníná náà sì gbọdọ̀ kú fúngbà díẹ̀ bí gáàsì kábọ́nù mónọ́ksáìdì bá pọ̀ nínú èéfín, nítorí pé ìtapàrà iná lè mú un bú gbàmù. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, eruku rí ọ̀nà.

Ṣé o mọ̀ pé ojú lásán ni wọ́n fi ń wọn èéfín nígbà kan? Ní 1888, Maximilien Ringelmann, ará Faransé, fa ìlà dúdú sórí páálí ní oríṣiríṣi, kí ẹni tó ń ṣọ́ èéfín lè fi wé dúdú inú páálí. Lónìí, iná tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń tàn gba inú òpó èéfín kọjá. Bí eruku bá ti pọ̀ tó ni ìmọ́lẹ̀ tó dé òdìkejì ṣe ń dín kù, ẹ̀rọ á sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ tọ̀sán-tòru.

Ṣùgbọ́n eruku funfun tó ń bo páànù ilé kọ́ ló burú jù fún ẹ̀dọ̀fóró. Èyí tí kò ju 2.5 máíkírómítà lọ, tí irun orí fi ìlọ́po ogún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nípọn jù ú, ni imú kò lè dá dúró. Ó ń wọlé jìnnà, díẹ̀ nínú rẹ̀ a sì máa dé inú ẹ̀jẹ̀. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ó má ju 5 máíkírógíráàmù lọ nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan, ní ìpíndọ́gba ọdún. Ẹ̀rọ nìkan ló lè sọ bí ó ti tó fún aráàlú, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà níbi tí aráàlú ti lè kà á.

Ṣé o mọ̀ pé yúríà tí àgbẹ̀ ń fi ṣe ajílẹ̀ wúlò nínú ìléru sìmẹ́ǹtì? Bí wọ́n bá fọ́n ọn síbi tí ooru ti tó nǹkan bí 900 sí 1,000 dígírì, á sọ gáàsì náítírójìn ọ́ksáìdì, tó ń ti ìléru jáde tó sì ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́, di náítírójìn lásán àti omi.

Kábọ́nù dayọ́ksáìdì inú òkúta ńkọ́? Ní Brevik, ní orílẹ̀-èdè Norway, ilé-iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í mú gáàsì náà ní 2025, wọ́n ṣe é láti mú 400,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún; ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tì í wọ abẹ́ ilẹ̀ ìsàlẹ̀ Òkun Àríwá. Ọ̀nà mìíràn tó dínwó wá láti ọwọ́ àwọn onímọ̀ ní Kúbà, Íńdíà àti Switzerland. Wọ́n ń sun amọ̀ níwọ̀n 800 dígírì tàbí bẹ́ẹ̀, wọ́n á pò ó mọ́ òkúta ẹfun tí wọn kò sun rárá, àpòpọ̀ yìí á sì rọ́pò nǹkan bí ìdajì kílíńkà, ìyẹn ohun tí òkúta ń dà lẹ́yìn tí wọ́n bá sun ún, tó wà nínú sìmẹ́ǹtì. Òkúta tí kò wọná, gáàsì rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ó lè dín kábọ́nù dayọ́ksáìdì kù tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Irú amọ̀ funfun tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ sì wà nínú ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ògùn.