Ta ló sanwó dátà olùkọ́ fásitì?

Bí ẹ bá bi ẹni tó wà ní fásitì ìjọba lọ́dún 2020 pé kí ló rántí nípa Covid-19, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé òun jókòó sílé fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Òótọ́ ni, ó sì dunni. Àmọ́ ẹnì kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tá a kì í sábà béèrè bó ṣe là á já. Olùkọ́ fásitì ni.

Ẹ jẹ́ ká to ọjọ́ tẹ̀ léra, torí ọ̀pọ̀ wa ti lú ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Ọjọ́ 27, oṣù Kejì, ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fìdí ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn náà ní Nàìjíríà múlẹ̀. Ọjọ́ 9, oṣù Kẹta, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ọlọ́sẹ̀ méjì láti fi kìlọ̀ fún ìjọba. Kí ọ̀sẹ̀ méjì náà tó pé, ìjọba ti ní kí wọ́n ti iléèwé pa nítorí àrùn. Lọ́jọ́ 23, ASUU ní ìyanṣẹ́lódì náà ò lọ́jọ́ mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn ni kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó, Ògùn àti Àbújá. Ó di ọjọ́ 23, oṣù Kejìlá, kí wọ́n tó dá ìyanṣẹ́lódì náà dúró.

Ṣé ẹ rí i, àrùn nìkan kọ́. Ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ fẹ́ kí owó oṣù àwọn olùkọ́ máa gba orí IPPIS wọlé. ASUU ní èyí tako òmìnira fásitì, wọ́n sì gbé UTAS tiwọn kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ lórí IPPIS ni owó oṣù rẹ̀ há. Ẹ wá rò ó wò: àsìkò tí oúnjẹ gbówó lórí, tí ibòmú àti sanitaisa wọ ìnáwó ilé, tí èèyàn ò lè jáde lọ wá nǹkan kan ṣe, ìgbà yẹn ni ọ̀jọ̀gbọ́n ń yá owó oúnjẹ lọ́wọ́ àbúrò.

Ti fásitì aládàáni yàtọ̀. Ìyanṣẹ́lódì ò kàn wọ́n, nítorí náà wọ́n gbé ẹ̀kọ́ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa òfin ń kọ́ni ní irú ibẹ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni kíláàsì rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ lórí Zoom. Kó tó di aago méje ààbọ̀, á ti lọ tan jẹnẹrétọ̀, torí kò dá a lójú pé NEPA ò ní mú iná lọ láàárín kíláàsì. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wà nílé, iléèwé tiwọn náà ti tì. Orí bẹ́ẹ̀dì ló ti ń kọ́ni, torí yàrá yẹn nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé dáadáa. Tí kíláàsì bá parí, WhatsApp ló kàn: "Ẹ má bínú mà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi lọ, mi ò gbọ́ ìdajì ohun tẹ́ ẹ sọ." Aago mọ́kànlá alẹ́, ìbéèrè ṣì ń wọlé.

Nígbà tó yá, iléèwé náà fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé àwọn máa dín owó oṣù kù. Wọn ò dín iṣẹ́ kù o. Epo jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Òun ló ń rà á. Dátà ńkọ́? Òun náà ni. Àwọn àgbà ní òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tó máa jẹ ẹ́ wà níbòòji.

Ibi tí òfin ti wọ ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Nígbà tí ASUU tún yanṣẹ́ lódì lọ́dún 2022, láti ọjọ́ 14, oṣù Kejì, di ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ìjọba ní ẹni tí kò ṣiṣẹ́ kò ní gbowó. Abala 43 òfin Trade Disputes Act ni wọ́n gbé dání. Mi ò ní parọ́, ó wà níbẹ̀. Oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu tó ní kí wọ́n san oṣù mẹ́rin nínú owó tí wọ́n dá dúró náà.

Àmọ́ òfin kan náà kọ́ ló wà nílẹ̀. Employee's Compensation Act ti ọdún 2010 sọ pé bí iṣẹ́ bá ṣe òṣìṣẹ́ léṣe, yálà níbi iṣẹ́ ni o tàbí níbòmíì, ẹ̀san tọ́ sí i. Abala 8 tún lọ síwájú: bí dókítà tí òfin mọ̀ bá fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé wàhálà iṣẹ́ ló kó bá ọpọlọ èèyàn, ìyẹn náà lẹ́san. Olùkọ́ mélòó lẹ ti gbọ́ pé ó lo abala yẹn rí? Èmi ò tíì gbọ́ ẹyọ kan. Ìtìjú wà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀jọ̀gbọ́n kì í sọ pé ọkàn òun ò balẹ̀ tàbí pé oorun ò kun òun mọ́. Wọ́n á ní ṣebí kíkọ́ ìwé nìkan ló ń ṣe, kì í ru búlọ́ọ̀kù.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíì máa sọ. Àwọn olùkọ́ wọ̀nyí náà kọ́ ló ń fipá ta handout, tí àwọn kan nínú wọn ń gba rìbá tí wọ́n sì ń yọ ọmọ obìnrin lẹ́nu? Òótọ́ ni, kí òfin mú wọn. Ṣùgbọ́n fífi ebi pa ẹni tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ kò ní tún ìwà ẹni tó bàjẹ́ ṣe. Ohun tó ń ṣe ni pé ẹni tó dáńtọ́ ló ń kọ́kọ́ já pa, torí òun ni wọ́n ń wá nílùú òyìnbó.

Covid ti lọ, àmọ́ iṣẹ́ tó kó wọ ilé olùkọ́ ò bá a lọ. Nígbà tí àrùn náà tún gbérí lóṣù Keje ọdún 2021, tí UNILAG ní kí àwọn ọmọ kó kúrò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ni ẹ̀kọ́ tún padà sí. Gúrúùpù WhatsApp ṣì wà títí dòní, ó sì ń dún lọ́jọ́ Sunday.

Nǹkan mẹ́ta ni mo rò pé ó yẹ kó wọ ìwé àdéhùn iṣẹ́ wọn, ní fásitì ìjọba àti aládàáni. Àkọ́kọ́, owó dátà àti iná fún ẹni tí iléèwé bá ní kó kọ́ni láti ilé. Ìkejì, aago kan pàtó tí iṣẹ́ parí, tí olùkọ́ lè pa fóònù láìsí ẹni tó máa bi í. Ìkẹta, onímọ̀ ìlera ọpọlọ tí òṣìṣẹ́ lè lọ bá, kó má jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ nìkan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà ní fásitì, ọ̀rọ̀ yín ni. Olùkọ́ tí kò tíì gbowó, tí kò rí oorun sùn, òun ló máa máàkì ìwé yín lóru òní.