Àkókó Ń Gbẹ́lé fún Ẹlòmíràn

Nínú Súrátul An'ām, áyà 38, Ọlọ́hun fi yé wa pé ìjọ bíi tiwa ni àwọn ẹyẹ. Ẹ jẹ́ kí á wo ìjọ àkókó.

Irú rẹ̀ lé ní 200 láyé, ṣùgbọ́n kò sí ní Ọsirélíà. Igi ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbẹ́ ṣe ilé. Ní aṣálẹ̀ Arizona, l'Amẹ́ríkà, inú saguaro ẹlẹ́gùn-ún ni òmíràn ń gbé. Ní Gúúsù Áfíríkà, ọ̀kan ń gbẹ́ ihò sára bèbè ilẹ̀, èèrà ló sì ń jẹ.

Bí àkókó bá kó kúrò, ẹyẹ tí kò lè gbẹ́ igi a kó wọlé. Nítorí náà, bí igi gbígbẹ kò bá ní wó lu ènìyàn tàbí ilé, ẹ má jẹ́ kí á sáré gé e. Ilé ẹ̀dá Ọlọ́hun ni.