Bí Ilé-Ìwé Ṣe Ń Gba Ọmọ Lọ́wọ́ Agbawèrèmẹ́sìn

Ní Ekpè, lójú ọ̀nà Kútọnu sí Àjàṣẹ́, ọmọ Mùsùlùmí, ọmọ Sẹ̀lẹ́, ọmọ Àgùdà àti ọmọ tí ilé wọn ń ṣe awo ìbílẹ̀ Zangbeto lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, kàkí kan náà lọ́rùn wọn. Báwo ni ilé-ìwé ṣe ń ṣe é tí ìyàtọ̀ yìí kì í fi í di ìjà?

Òfin ló kọ́kọ́ là á sílẹ̀

Abala kejì ìwé òfin orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí Ekpè wà, ti ọdún 1990 sọ pé ìjọba kò ní ẹ̀sìn tirẹ̀. Abala 23 fún olúkúlùkù láyè láti ṣe ẹ̀sìn tó wù ú. Abala 14 gba àwọn ẹlẹ́sìn láyè láti dá ilé-ìwé sílẹ̀, bí ìjọba bá ti fọwọ́ sí i tó sì ń bójú tó o. Abala 36 wá sọ ọ́ di ojúṣe ọmọ Benin kọ̀ọ̀kan láti bọ̀wọ̀ fún ẹnìkejì rẹ̀ láìyà á sọ́tọ̀.

Bó ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ

Ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, inú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Éducation sociale ni ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ̀ yìí wà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ìwé nìkan. Kàlẹ́ńdà pàápàá ń kọ́ ọmọ: gbogbo wọn ló ń gba ìsinmi ọdún Vodun ní January, gbogbo wọn ló ń gba ti Iléyá àti ti Kérésìmesì.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe lè yan olórí kíláàsì. Ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ sínú ìwé pélébé, ó ká a, ó jù ú sínú páálí ṣọ́ọ̀kì tó ti ṣófo. Olùkọ́ ń kà á sókè, ó ń fa ìlà sójú pátákó. Ẹni tí kò wọlé bọ ẹni tó wọlé lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ti rí i pé èèyàn lè pàdánù láìjẹ́ pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ.

Kí ni agbawèrèmẹ́sìn fi ń fa ọmọ lọ?

Ní December 2021, àwọn agbésùnmọ̀mí kọlu àwọn ọmọ ogun ní Porga, lápá àríwá Benin. Ní April 17, 2025, wọ́n pa ọmọ ogun 54 lápá àríwá náà. Ibẹ̀ jìnnà sí Ekpè, ṣùgbọ́n fóònù kò mọ ọ̀nà jíjìn.

Ní 2023, UNDP, àjọ ìdàgbàsókè ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn tó fẹsẹ̀ ara wọn wọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Áfíríkà. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 25 ní iṣẹ́ làwọn bá lọ. 17 péré ló dárúkọ ẹ̀sìn. Ọdún kan sí i tí ọmọ bá lò nílé-ìwé sì ń fi ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún dín ewu pé yóò bá wọn lọ kù. Ìdí nìyí tí lílé ọmọ tó ń dààmú kúrò nílé-ìwé fi jẹ́ fífà á lé wọn lọ́wọ́.

Ohun tí olùkọ́ ń ṣọ́

Ìrùngbọ̀n, ìbòrí tàbí àdúrà kì í ṣe àmì. Ohun tó yẹ ká ṣọ́ ni ìyípadà òjijì: ọmọ tó ń báni ṣeré tẹ́lẹ̀ kò fẹ́ bá ọmọ ẹlẹ́sìn mìíràn jẹun mọ́, ó ń sọ̀rọ̀ owó tí “ẹ̀gbọ́n” kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ṣèlérí fún un. Kí olùkọ́ pè é síkọ̀kọ̀, kó bi í léèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé, kí wọ́n sì ránṣẹ́ sí àwọn òbí. Ìgbà tí ewu bá wà ní tòótọ́ ni ká tó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá.

Ní Ìlú Ọba, òfin ti sọ irú ìṣọ́ yìí di dandan fún ilé-ìwé láti July 2015. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ibẹ̀ sì ń ráhùn pé àwọn ọmọ wọn ni wọ́n ń fura sí jù. Ọmọ tó bá mọ̀ pé wọ́n ń fura sí òun yóò panu mọ́.

Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Ó ku ẹni tí yóò bi. Bí kíláàsì bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ìbéèrè tó le, inú fóònù ni ọmọ yóò gbé e lọ, ibẹ̀ sì ni “ẹ̀gbọ́n” yẹn wà.