Ológbò Onírun Wáyà: Ẹ Fi Ẹ̀sọ̀ Tọ́jú Rẹ̀

Ẹ̀yin ìyálé ilé, bí ẹ bá rí ológbò kan tí irun ara rẹ̀ le, tí ó sì lọ́ bí wáyà, ẹ má ṣe yára rò pé àìsàn ń ṣe é, tàbí pé ẹni tí ó ni ín kò mọ ìtọ́jú. Bí a ti dá a ni. American Wirehair ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe irú ológbò bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1966 ni a kọ́kọ́ rí i, ní oko kan ní ìpínlẹ̀ New York. Onírun kúkúrú lásán ni ìyá àti bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n irun akọ ọmọ yìí wọ́ láti orí dé ìrù. Irunmú rẹ̀ pàápàá kò gbẹ́yìn. Adam ni wọ́n sọ ọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìran wọn sì ti ṣẹ̀. Bí òbí kan péré bá ní irun yìí, àwọn ọmọ kan lè jogún rẹ̀.

Oníwà pẹ̀lẹ́ ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Wọn kì í pariwo púpọ̀. Wọ́n fẹ́ràn láti wà nítòsí àwọn ará ilé, wọ́n sì ń bá ọmọdé ṣeré, bí a bá ti kọ́ ọmọdé náà pé kò gbọdọ̀ fa ìrù ẹranko.

Ṣùgbọ́n irun náà kò fẹ́ agbára. Ẹni tí ó bá ń fi òòyà tàbí búrọ́ọ̀ṣì líle yà á kí ó lè nà, kíkán ni yóò máa kán, ara ẹranko náà yóò sì pá. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó. Ẹ lo búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, kí ẹ sì tẹ̀lé bí irun ti hù. Awọ àwọn mìíràn a máa yọ ọ̀rá. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ tí a ṣe fún ológbò ni kí ẹ fi wẹ̀ wọ́n. Ẹ ṣan ọṣẹ náà kúrò dáadáa, kí ẹ sì fi táwẹ́ẹ̀lì tẹ omi kúrò; ẹ má ṣe fi ra irun náà. Bí ó bá ti gbẹ, yóò tún lọ́ padà.

Ẹ máa yẹ etí rẹ̀ wò, nítorí irun inú rẹ̀ ń gba ìdọ̀tí dúró. Òwú tútù ni kí ẹ fi nu ibi tí ojú yín tó. Ẹ má ṣe ki ohunkóhun bọ inú etí.

Nítorí pé ẹranko yìí jẹ́ onísùúrù, ó lè máa jẹ̀rora kí ẹ má mọ̀. Bí ó bá kọ oúnjẹ fún odidi ọjọ́ kan, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ẹ má ṣe fún un ní parasitamọ́ọ̀lù tí ẹ ń lò fún ọmọ tàbí fún ara yín láéláé: hóró kan ṣoṣo lè pa ológbò.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí ó bá ń tọ́jú ológbò onírun wáyà ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí.