Owó ìdójútòfò ológbò ń lé sí i: ẹ wo ìwé yín dáadáa

Ẹ̀yin ará wa tó ń sin ológbò ní ìlú Ọba, bí lẹ́tà ìdójútòfò ọdún tuntun bá dé, ẹ má kàn wo iye owó rẹ̀ nìkan. NHS kì í tọ́jú ẹranko. Bí owó dókítà ẹranko ṣe ń gbówó lórí, tí ológbò náà ń dàgbà, bẹ́ẹ̀ ni owó yín á máa lé, yàtọ̀ sí owó-orí ìdá 12 nínú 100 tí ìjọba ń gbà lórí rẹ̀.

Iye tí ẹ̀yin fúnra yín máa san nígbà àìsàn ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wá. Bí ológbò bá ti dàgbà, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ a máa fi kún un. Ká ní ìtọ́jú jẹ́ £1,000, tí tiyín jẹ́ £100 àti ìdá 20 nínú 100 èyí tó kù, £280 lẹ ó san.

Ẹ má sì tíì sáré lọ síbi tó dínwó o! Àìsàn tó ti wà lára ológbò tẹ́lẹ̀, ilé-iṣẹ́ tuntun kì í sábà sanwó rẹ̀.

Ní ti ẹ̀sìn, Ìgbìmọ̀ Fiqh Àgbáyé ní Jeddah kọ ìdójútòfò oníṣòwò ní 1985, wọ́n sì fọwọ́ sí ti ìrànlọ́wọ́ ara ẹni. Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé e lè máa ya owó sọ́tọ̀ lóṣooṣù. Òfin ìlú Ọba kò sọ ti ológbò di dandan.